Ta Ni Kí Ẹ Mú fún Kíláàsì Yín? Whitefield, Wesley, Edwards, Hopkins àti Newton lórí Ọ̀rọ̀ Ẹrú

Lọ́dún tó kọjá ni wọ́n ní kí n máa kọ́ àwọn ọ̀dọ́ ìjọ wa n'Íbàdàn ní ìtàn àwọn ajíhìnrere àtijọ́, ẹnì kan lọ́sẹ̀ kan. George Whitefield ni mo fi bẹ̀rẹ̀. Ọ̀rọ̀ ń dùn lẹ́nu mi. Mo ti dé ibi tó ti ń wàásù fún àwọn awakùsà ní Kingswood, lẹ́bàá Bristol, ní 1739, tí omijé ń fa ìlà funfun sójú wọn tí èédú ti kùn dúdú. Ni ọmọbìnrin kan bá nawọ́ láti ẹ̀yìn. "Bùròdá, ẹ jọ̀ọ́, ṣé lóòótọ́ ló ní ẹrú?" Fóònù ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. "Mélòó?" Mo wo ìwé mi, mo wo ògiri. Ìwé mi kò dárúkọ ẹrú rárá.

Nǹkan bí 50 ni, lọ́jọ́ tó kú ní 1770. Mo ti mọ̀ ọ́n báyìí.

Ẹni tó bá máa wà nírú ipò yẹn ni mo kọ èyí fún: olùkọ́ kíláàsì, ẹni tí ẹgbẹ́ tuntun ní kó wá orúkọ wá, ẹni tí wọ́n fi ọ̀rọ̀ àyájọ́ lé lọ́wọ́. Èèyàn márùn-ún ni mo mú, gbogbo wọn nínú ìsọjí tó gba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti Amẹ́ríkà kan láàárín ọdún 1700 sí 1800. Bó bá jẹ́ "ta lọ́wọ́ rẹ̀ mọ́" lẹ fẹ́ fi yàn, kò ní ṣòro, torí mẹ́rin nínú wọn ló ra èèyàn tàbí tà á rí. Ìbéèrè mẹ́ta lèmi fi ń wọ̀n wọ́n. Ìgbà wo lojú rẹ̀ là? Kí ló ṣe nígbà tó là? Kí lohun tó ṣe náà gbà lọ́wọ́ rẹ̀?

Whitefield àti Wesley: oòrùn Georgia kan náà

Àwọn méjèèjì jọ wà nínú ẹgbẹ́ àdúrà kan ní Oxford tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yòókù ń fi ṣe yẹ̀yẹ́. Àwọn méjèèjì ló lọ sí Georgia ní Amẹ́ríkà. John Wesley, ẹni tó dá ìjọ Mẹ́tọ́díìsì sílẹ̀, débẹ̀ ní oṣù Kejì 1736, ó sì sá kúrò níbẹ̀ ní òpin 1737, nígbà tí ọ̀rọ̀ obìnrin àti ẹjọ́ kóòtù dà pọ̀ mọ́ ọn lọ́wọ́. Bí ọkọ̀ rẹ̀ ṣe ń gúnlẹ̀ sí Deal, èbúté kan ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ní ìbẹ̀rẹ̀ 1738 báyìí ni ti Whitefield ń kúrò níbẹ̀ lọ. Nígbà yẹn, èèwọ̀ ni ẹrú níní ní Georgia. Láti 1735 ni àwọn alámòójútó tó tẹ ibẹ̀ dó ti fòfin dè é. Àánú nìkan kọ́ o: àwọn ọmọ ogun Spain wà nítòsí ní Florida, wọ́n sì fẹ́ kí àwọn tálákà tí wọ́n kó wá láti London fọwọ́ ara wọn roko.

Ní 1740 Whitefield dá ilé àwọn ọmọ aláìlóbìí sílẹ̀ lẹ́bàá Savannah, ó sọ ọ́ ní Bethesda. Lọ́dún kan náà ó kọ lẹ́tà sí àwọn ará Maryland, Virginia àti Carolina méjèèjì, ó gbé e jáde kí gbogbo ayé lè kà á, ó sì fi bá wọn wí nítorí ìyà tí wọ́n fi ń jẹ ẹrú. Ó ní ajá wọn ń rí ìkẹ́ nídìí tábìlì, ẹrú ò sì fẹ́rẹ̀ẹ́ rí èérún ṣà. Ẹni tó bá pa ìwé dé síbí yìí, orí rẹ̀ á wú.

Àmọ́ ọmọ pọ̀ ní Bethesda, gbèsè náà pọ̀. Ní 1747 Whitefield ra oko ńlá kan àti ẹrú ní South Carolina níbi tí òfin ti gbà á láàyè, kí owó oko yẹn lè máa bọ́ àwọn ọmọ aláìlóbìí. Ó sọ oko náà ní Providence, ìyẹn "Ìpèsè Ọlọ́run". Orúkọ yẹn ń bí mi nínú ju iye ẹrú lọ. Kò sì fi mọ síbẹ̀: òun náà wà lára àwọn tó ń rọ àwọn alámòójútó pé kí wọ́n tú òfin Georgia ká. Nígbà tí wọ́n tú u ká, ó kọ lẹ́tà ní 1751 pé kò sí bí a ṣe lè ro ilẹ̀ olóoru láìsí ènìyàn dúdú, pé Ábúráhámù náà fowó ra ẹrú, pé lóòótọ́ ọ̀nà tí wọ́n gbà kó wọn wá láti ilé wọn kò dára, àmọ́ bí a fẹ́ bí a kọ̀ òwò náà á máa lọ, nítorí náà kí òun kúkú ra wọn kí òun sì máa kọ́ àwọn ọmọ wọn lẹ́kọ̀ọ́ Olúwa.

Ẹnì kan nínú kíláàsì yín á sọ pé bí ayé ìgbà yẹn ṣe rí nìyẹn. Rárá o. Ní 1739, àwọn ará Scotland tó ń gbé Darien, ní Georgia níbẹ̀, fọwọ́ sí ìwé ẹ̀bẹ̀ pé kí àwọn alámòójútó má gba ẹrú wọlé. Àwọn ará Jámánì tó wà ní Ebenezer, tí pásítọ̀ wọn ń jẹ́ Boltzius, náà kọ̀ ọ́. Aládùúgbò Whitefield ni wọ́n. Ooru kan náà ló ń mú gbogbo wọn.

Wesley ló wá dá ọ̀rọ̀ ooru yẹn lóhùn. Nínú ìwé tó tẹ̀ jáde lórí ọ̀rọ̀ ẹrú ní 1774, ó ní kí ẹnikẹ́ni má sọ fún òun pé aláwọ̀ funfun ò lè ṣiṣẹ́ nínú oòrùn, pé òun mọ ohun tí òun ń wí. Nígbà tí òun wà ní Georgia, òun àti àwọn ará ilé òun, ẹni mẹ́jọ, máa ń gé igi, wọ́n ń ṣánlẹ̀, iṣẹ́ tó le tó èyí tí wọ́n ń fún ẹrú ṣe. Ara wọn le koko. Àwọn ọ̀lẹ tó yí wọn ká ni àrùn ń kó lọ. Ó tún ní ó sàn kí àwọn erékùṣù ṣúgà yẹn rì sísàlẹ̀ òkun ju kí a máa fi ìrẹ́jẹ ro wọ́n lọ. Kò dárúkọ Whitefield, ọ̀rẹ́ rẹ̀ tó ti kú lọ́dún mẹ́rin ṣáájú, tó sì jẹ́ òun gan-an ló wàásù ìrántí fún un. Ṣùgbọ́n ẹ gbé lẹ́tà 1751 sẹ́gbẹ̀ẹ́ ìwé 1774, kí ọmọ kíláàsì kan ka èkíní, kí òmíràn ka èkejì. Ẹ ò ní nílò àlàyé púpọ̀.

Ibi tí Wesley kù sí rèé, ẹ má fi pamọ́. Ó rí ẹrú pẹ̀lú ojú ara rẹ̀ ní Carolina ní 1736 àti 1737. Ní 1758 ó ṣe ìrìbọmi fún ẹrú Nathaniel Gilbert, olóko ṣúgà kan láti Antigua, ní Wandsworth. Inú rẹ̀ dùn sí i, a ò sì rí i kà pé ó sọ fún Gilbert pé kó dá wọn sílẹ̀ kó tó padà sílé. Ìgbà tó di 1772, tó ka ìwé Anthony Benezet, ẹlẹ́sìn Quaker ní Philadelphia, ló tó kọ ọ́ sínú ìwé ìrántí rẹ̀ pé òwò yìí ni àkójọ gbogbo ìwà ìkà. Ọdún 36 ti lọ. Lẹ́yìn ìyẹn ni kò tún padà sẹ́yìn mọ́. Ní ọjọ́ 24 oṣù Kejì 1791, nígbà tó ti pé ẹni ọdún 87, ó kọ lẹ́tà sí William Wilberforce, aṣòfin Gẹ̀ẹ́sì tó ń jà kí òwò ẹrú dópin, pé kó má ṣe rẹ̀wẹ̀sì. Ìwé tí ọmọ Áfíríkà kan, Olaudah Equiano, kọ nípa ìgbésí ayé ara rẹ̀ ló ń kà lákòókò náà. Ní ọjọ́ kejì oṣù Kẹta ó kú.

Kí lọ̀rọ̀ náà gbà lọ́wọ́ rẹ̀? Ká sọ òótọ́, kò gbà púpọ̀. Kò ní oko, kò ní ẹrú, ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ló wà. Àwọn ọmọ ẹ̀yìn rẹ̀ ní Amẹ́ríkà ló kan gbangba: ní 1784, ní Baltimore, wọ́n ṣòfin pé kí gbogbo ọmọ ìjọ dá ẹrú rẹ̀ sílẹ̀, kí ọdún kan tó pé wọ́n ti gbé òfin náà tì.

Fún àwọn ọ̀dọ́, Wesley ni kẹ́ ẹ mú, pẹ̀lú ọdún 36 náà o. Ẹni tó bá ti gba ẹnu ọ̀nà Wesley College kọjá ní Elékùrọ̀ rí ti mọ orúkọ náà tẹ́lẹ̀. Whitefield dáa fún ìgbìmọ̀ ìkọ́lé àti àwọn akápò: kò sí ìtàn tó fi hàn ju tirẹ̀ lọ bí iṣẹ́ rere ṣe ń wá owó títí tí yóò fi gba owó kówó.

Kí n má gbàgbé Selina, ìyá ọlọ́lá tí wọ́n ń pè ní Countess of Huntingdon. Òun ni Whitefield fi Bethesda, ilẹ̀ rẹ̀ àti ẹrú rẹ̀ jogún fún. Bẹ́ẹ̀ obìnrin yìí kan náà ni Phillis Wheatley, ọmọ Áfíríkà tí wọ́n tà ní Boston, fi ìwé ewì rẹ̀ jì ní 1773. Ó ń ran òǹkọ̀wé tó jẹ́ ẹrú lọ́wọ́ ní London, ó sì ń jogún ẹrú ní Georgia. Lẹ́yìn náà ó rán oníwàásù dúdú kan, David Margate, lọ sí Bethesda. Nígbà tó fi máa di 1775, Margate ti ń wàásù ní Charleston pé bí Ọlọ́run ṣe gba Ísírẹ́lì là lọ́wọ́ Fáráò ni yóò gba ènìyàn dúdú là. Àwọn aláwọ̀ funfun fẹ́ so ó rọ̀. Wọ́n ní láti sáré gbé e wọ ọkọ̀ padà sí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Bí mo bá ní agbára ìwé kíkọ, Margate ni mo máa kọ ìwé lé lórí, kì í ṣe ẹnikẹ́ni nínú àwọn márùn-ún yìí.

Edwards àti Hopkins: olùkọ́ àti akẹ́kọ̀ọ́, ní Newport

Àwọn tó lọ sí ilé ẹ̀kọ́ Bíbélì máa ń bọ̀wọ̀ fún Jonathan Edwards gan-an, ó sì tọ́ sí i, ọpọlọ rẹ̀ jinlẹ̀. Rìsíìtì kan ni kẹ́ ẹ fi bẹ̀rẹ̀ ìtàn rẹ̀. Ní oṣù Kẹfà 1731, Edwards, pásítọ̀ ìjọ Northampton ní Massachusetts, rìnrìn àjò lọ sí èbúté Newport ní Rhode Island, ó san £80, ó sì gba ọmọbìnrin kan tí ìwé náà pè ní Venus, ẹni nǹkan bí ọdún 14. Ìwé yẹn ṣì wà títí dòní. Ẹ jẹ́ kí ọmọ ọdún 14 kan nínú kíláàsì yín ka orúkọ àti ọjọ́ orí yẹn sókè.

Ní 1741 tàbí nítòsí rẹ̀, àwọn ọmọ ìjọ kan ń bá pásítọ̀ wọn jà torí ó ní ẹrú. Edwards kọ ọ̀rọ̀ sílẹ̀ láti gbèjà pásítọ̀ náà. Àwíjàre rẹ̀ gún ni lára: ó ní ẹ̀yin tẹ́ ẹ̀ ń bínú, ẹ̀yin náà ń jẹ nínú ohun tí ẹrú fi òógùn rẹ̀ mú jáde. Òótọ́ ni. Ibi tó sì yẹ kó gbé òótọ́ yẹn dé kọ́ ló gbé e dé. Nínú ìwé yẹn kan náà ó ní kò tọ́ kí a tún máa lọ kó àwọn èèyàn tuntun láti Áfíríkà. Ó ti ilẹ̀kùn iwájú, ó fi ti ẹ̀yìn sílẹ̀. Ó kú ní 1758 ní Princeton lẹ́yìn tí wọ́n fún un ní àjẹsára ìgbóná. Nígbà tí wọ́n ń ka ohun tó fi sílẹ̀, ọmọdékùnrin kan tó ń jẹ́ Titus wà níbẹ̀, £30, lábẹ́ àwọn ẹran ọ̀sìn.

Samuel Hopkins ti gbé inú ilé yẹn. Ọmọ ẹ̀kọ́ Edwards ni, ó jẹ oúnjẹ tí àwọn ẹrú ilé sè, òun fúnra rẹ̀ sì ti ní ẹrú kan rí. Ní 1770 ó di pásítọ̀ ní Newport, èbúté kan náà tí olùkọ́ rẹ̀ ti ra Venus. Àtirí ọkọ̀ ẹrú kò ṣòro níbẹ̀, Newport wà lára àwọn ibi tí òwò náà ti gbóná jù ní Amẹ́ríkà. Àwọn tó ń jókòó sí ìjọ rẹ̀, àwọn tó ń sanwó oṣù rẹ̀, òwò yẹn ni wọ́n ń jẹ. Hopkins dìde, ó wàásù tako ó níwájú wọn. Ní 1776 ó tẹ ìwé jáde, ó fi ránṣẹ́ sí àwọn aṣòfin tó ń pariwo òmìnira lọ́wọ́ ọba Gẹ̀ẹ́sì, ó ní kí wọ́n wo ẹrú tó wà nínú ilé wọn kí wọ́n tó pe ara wọn ní ẹrú. Ní 1784 ìjọ rẹ̀ pinnu pé àwọn ò ní gba òwò ẹrú àti ẹrú níní láàyè láàárín ọmọ ìjọ mọ́.

Ọkùnrin méjì láti Áfíríkà wà lára àwọn tó ń gbọ́ ìwàásù rẹ̀, John Quamine àti Bristol Yamma. Wọ́n ta lọ́tìrì, wọ́n jẹ, wọ́n sì fi owó náà ra ara wọn padà. Hopkins fẹ́ rán wọn padà sí Áfíríkà bí ajíhìnrere, wọ́n sì lọ kẹ́kọ̀ọ́ ní Princeton. Ogun òmìnira Amẹ́ríkà da ètò náà rú. Ní 1779 Quamine wọ ọkọ̀ ogun kan kó lè rí owó tí yóò fi ra ìyàwó rẹ̀ padà. Ojú ogun ló kú sí.

Hopkins náà ní àléébù. Èrò rẹ̀ ni pé ibi tó dára jù fún ènìyàn dúdú tó bá ti di òmìnira ni etí òkun Áfíríkà, èrò yẹn sì wà lára ohun tó wá bí Liberia. Wàásù rẹ̀ pàápàá gbẹ, àwọn tó gbọ́ ọ nígbà ayé rẹ̀ sọ bẹ́ẹ̀. Síbẹ̀, bí ẹ bá bi mí lórí ìbéèrè kẹta, ohun tó gbà lọ́wọ́ ẹni, Hopkins ló borí nínú àwọn márààrún. Àwọn tó ń bọ́ ọ ló bá wí. Mi ò tíì rí ìjọ kan n'Íbàdàn tó fi orúkọ rẹ̀ sọ ẹgbẹ́.

Newton: ẹ tún déètì ṣe

Ìtàn John Newton la máa ń sọ jù, òun náà la máa ń sọ lódì jù. Èmi náà ti sọ ọ́ lódì lórí pẹpẹ: ìjì jà, ó ké pe Ọlọ́run, ó fi òwò ẹrú sílẹ̀, ó kọ "Amazing Grace". Àwọn ènìyàn pariwo àmín.

Bó ṣe ṣẹlẹ̀ rèé. Ìjì jà ní oṣù Kẹta 1748. Lẹ́yìn ìjì náà ni Newton di ọ̀gá ọkọ̀ ẹrú. Ìrìn àjò mẹ́ta ló darí láàárín 1750 sí 1754, pẹ̀lú ọkọ̀ Duke of Argyle, lẹ́yìn náà African. Ó ń kọ lẹ́tà ìfẹ́ sí ìyàwó rẹ̀, ó ń darí ìsìn ọjọ́ Ìsinmi fún àwọn atukọ̀. Ní oṣù Kejìlá 1752 ó kọ ọ́ sínú ìwé ọkọ̀ fúnra rẹ̀ pé òun gbọ́ pé àwọn ẹrú ń dìtẹ̀, òun sì de àwọn ọmọdékùnrin kan, òun fi irin tó ń fún àtàǹpàkò mọ́ wọn lọ́wọ́ "díẹ̀" kí wọ́n lè jẹ́wọ́. Irin náà ní ìdè tí wọ́n ń yí. Bí wọ́n bá ṣe ń yí i ni yóò máa wọ inú egungun.

Ara rẹ̀ tó dédé dá a dúbúlẹ̀ ló mú un kúrò lójú òkun ní 1754, kì í ṣe ẹ̀rí ọkàn. Ó di pásítọ̀ ní Olney ní 1764. Ìparí 1772 ló kọ orin náà. Nígbà yẹn kò tíì sọ ọ̀rọ̀ kan ní gbangba tako òwò ẹrú. 1788 ló tó tẹ ìwé rẹ̀ jáde, ọdún 34 lẹ́yìn ìrìn àjò tó kẹ́yìn, ó sì sọ níbẹ̀ pé ojú ń ti òun, pé ìjẹ́wọ́ òun ti pẹ́ jù láti tún ohun tó bàjẹ́ ṣe. Lẹ́yìn náà ó lọ jẹ́rìí ní London níwájú àwọn tó ń wádìí òwò náà. Ẹ̀rí rẹ̀ wúwo, torí kò sí ẹni tó lè sọ pé kò débẹ̀ rí. Ó ti gba Wilberforce nímọ̀ràn tẹ́lẹ̀, ní 1785, pé kó má fi ìṣèlú sílẹ̀. Ó wà láàyè títí òfin fi de òwò náà ní 1807, ó kú ní oṣù Kejìlá ọdún yẹn.

Newton dára fún àgbà ju ọmọdé lọ. Ọmọdé fẹ́ kí ìgbàlà àti àyípadà jọ dé lọ́jọ́ kan. Àgbà mọ̀ pé ènìyàn lè máa gbàdúrà fún ọdún mẹ́rin pẹ̀lú irin lọ́wọ́.

Ó kan àwa náà. Àwọn ọ̀rẹ́ àti ọmọ ẹ̀yìn Newton ló wà lára àwọn tó dá CMS, ẹgbẹ́ míṣọ́nnárì ìjọ Áńgílíkà, sílẹ̀ ní 1799. Ẹgbẹ́ yẹn ló kọ́ Àjàyí níwèé ní Sierra Leone. Wọ́n ti kó o ní Òṣoogùn ní 1821, ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì sì gbà á lọ́wọ́ àwọn olówò ẹrú ní 1822, wọ́n gbé e lọ sí Freetown, ní etí òkun kan náà tí Newton ti ń ra èèyàn. Ní 1864 ó di Bíṣọ́ọ̀bù Crowther. Àwọn onítẹ̀bọmi ẹ̀wẹ̀: ìjọ Southern Baptist tó rán T. J. Bowen wá sí Badagry ní 1850, torí kí ẹni tó ní ẹrú lè di míṣọ́nnárì ni wọ́n ṣe ya kúrò lára àwọn tó kù ní 1845, ní Augusta, ní Georgia. Ní 1995 ni wọ́n tó tọrọ àforíjì. Ẹ má sì rò pé ilé tiwa mọ́. Àwọn baba wa ń sọ pé bí a ṣe bí ẹrú la bí ọmọ, síbẹ̀ ẹrú àti ìwọ̀fà kún agbo ilé, àwọn ọmọ ìjọ CMS ní Abẹ́òkúta náà ní wọn, àríyànjiyàn rẹ̀ sì pẹ́ láàárín àwọn míṣọ́nnárì.

Bó bá jẹ́ ọ̀sẹ̀ kan ṣoṣo lẹ ní, Hopkins. Ọ̀sẹ̀ méjì, ẹ fi Wesley kún un. Ẹ má fún Edwards ní ọ̀sẹ̀ tirẹ̀ láìsí Venus, bí ó bá tilẹ̀ jẹ́ ẹ̀kọ́ nípa oore-ọ̀fẹ́ lẹ fẹ́ kọ́. Whitefield máa ń gba àkókò, torí ẹ ní láti jẹ́ kí wọ́n kọ́kọ́ fẹ́ràn rẹ̀ kẹ́ ẹ tó kó rìsíìtì síta. Èmi kò ṣe bẹ́ẹ̀, ọmọ kan ló ṣe é fún mi. Newton ni kó kẹ́yìn. Àwọn ọ̀dọ́ yín á fẹ́ kọ orin rẹ̀ ní kété tẹ́ ẹ bá dárúkọ rẹ̀. Ẹ ní kí wọ́n mú sùúrù títí ẹ ó fi dé 1788.